Ilẹ̀ Ló Ń Lọ́ Irin

Bẹ́ẹ̀dì lathe, ẹ̀rọ tí ń gé irin, máa ń lọ́. Irin tí ọkùnrin mẹ́fà kò lè gbé nílẹ̀, tí wọ́n yọ́ dà, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ mìíràn họ lójú títí tó fi tẹ́jú, yóò lọ́ bí a bá gbé e sórí ilẹ̀ tí kò dọ́gba tí a wá fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ pa. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó de dial gauge, ìyẹn aago kékeré tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, mọ́ carriage tó ń gbé ọ̀bẹ rìn, kó jẹ́ kí ẹnu aago náà kan ọ̀pá irin gígùn tí chuck, ẹnu tó ń di irin mú, gbá mú. Lẹ́yìn náà, kó fi sípánà yí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tó wà lápá tailstock, ìdí ẹ̀rọ tó kọjú sí chuck, díẹ̀. Abẹ́rẹ́ aago náà yóò kúrò níbi tó wà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀pá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan aago.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn púpọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n wà ní London tàbí Houston tó ti ti lathe sínú kọ̀ǹténà fún àbúrò rẹ̀. Àgbà mẹkáníìkì wà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ra tòkunbọ̀, tó fẹ́ máa gé ṣáàfù àti búùṣì fún àwọn oníbàárà nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń náwó sórí ẹ̀rọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí èyí tó náwó sórí ilẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò dúró lé. Bí iṣẹ́ bá wá ń jáde wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n á ní àwọn òyìnbó ti lò ó gbó kí wọ́n tó tà á. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà púpọ̀, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ẹ̀rọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ títo ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ jù kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, nítorí ilé iṣẹ́ ńlá ní owó láti pe ẹnjiníà tó ta ẹ̀rọ fún wọn. Àwọn ará England tí ń fi ẹ̀rọ ṣeré nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé wọn ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀: ọdún 1898 ni Percival Marshall dá ìwé ìròyìn Model Engineer sílẹ̀ fún wọn, ó sì ń jáde títí di òní. Lathe tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Myford, tí ilé iṣẹ́ kan ní Beeston, lẹ́bàá Nottingham, ṣe títí di 2011. Òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́, dókítà eyín, wọ́n á dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á wọ inú ahéré lọ, wọ́n á máa fi ọdún mẹ́wàá ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń fi ooru omi rìn. Àìlówó ẹnjiníà ló kọ́ wọn ní bí ènìyàn ṣe lè fi ọ̀pá irin kan àti sùúrù tún ẹ̀rọ tò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí lathe ń ṣe gan-an. Irin tí a fẹ́ gé wà lẹ́nu chuck, ó ń yí. Ọ̀bẹ wà lórí carriage, carriage sì ń rìn lórí bẹ́ẹ̀dì, láti ọ̀tún lọ sósì. Bí ọ̀nà tí carriage ń tọ̀ bá bá ìlà àárín spindle, ọ̀pá tó ń yí chuck, lọ gẹ́rẹ́, tí àlàfo wọn kò dín tí kò sì pọ̀ sí i, ṣáàfù yóò jáde pẹ̀lú ìnípọn kan náà láti orí dé ìdí. Bí bẹ́ẹ̀dì bá lọ́, ọ̀bẹ yóò máa sún mọ́ irin tàbí kó máa jìnnà sí i bó ti ń rìn. Ṣáàfù á ki lápá kan, á tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kejì.

Ká ní láti ojú bẹ́ẹ̀dì dé àárín chuck jẹ́ 150 mìlímítà, kí ìbú bẹ́ẹ̀dì náà sì jẹ́ 150. Bí ojú bẹ́ẹ̀dì tó wà níwájú, lápá tailstock, bá fi 0.02 mìlímítà ga ju bó ti yẹ lọ, ọ̀bẹ tó wà lókè yóò fi 0.02 yẹn yẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí pé irin ń yí po níwájú ọ̀bẹ, ohun tí ọ̀bẹ gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló gé ní ìkejì, nítorí náà ìnípọn ṣáàfù yóò fi 0.04 yàtọ̀. Bébà ìtẹ̀wé lásán nípọn tó 0.1, nítorí náà ohun tí kò tó ìdajì bébà là ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bẹ́árìn 6205, èyí tó kún inú ẹ̀rọ ìfọṣọ àti mótò iná. Ihò rẹ̀ jẹ́ 25 mìlímítà. Bí a bá fẹ́ kí ṣáàfù le nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n k6, tí ọ̀pọ̀ ń lò, kò gbọdọ̀ kéré ju 25.002 lọ, kò sì gbọdọ̀ ju 25.015 lọ. Àyè tó wà láàárín kò ju 0.013 lọ. Bí a bá gé ibùjókòó bẹ́árìn méjì, ọ̀kan lórí ọ̀kan nídìí, lórí ẹ̀rọ tó ń fi 0.04 yà, bí ọ̀kan bá wọlé wẹ́rẹ́, èkejì á kọ̀ jálẹ̀, àfi kí oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáńpépà yọ́ ọ lára.

Ibi tí a ó gbé ẹ̀rọ sí ló yẹ kó ṣáájú. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni, kì í ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kọ́ńkéré tó nípọn tó sì ti gbẹ. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà fi ń wọn agbára kọ́ńkéré, nítorí náà ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da ilẹ̀, kó ní sùúrù oṣù kan ó kéré tán. Bí ilẹ̀ bá ti sán, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ headstock, orí ẹ̀rọ tó gbé chuck, wà lápá kan ojú sísán kí ti tailstock wà lápá kejì, nítorí apá méjèèjì kò ní lọ sókè sódò pọ̀. Bí gáréèjì bá ní táìsì, ẹ fọ́ èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yóò tẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan kọ́ńkéré fúnra rẹ̀. Bíríkìlà kì í sábà fi sìmẹ́ǹtì kún abẹ́ táìsì tán, ihò tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ yóò sì fọ́ lábẹ́ ẹrù lọ́jọ́ tí ẹ kò retí. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ sí ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Gbígbé e wọlé kò nílò agbára tó bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ti máa ń rò. Myford kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 kílò. Lathe tí ilé ẹ̀kọ́ ń lò bíi Colchester Student ju 500 lọ dáadáa. Ẹ̀rọ milling Bridgeport sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan. Ewu rẹ̀ ni pé apá kan ló wúwo. Headstock, gíà àti mótò wà níbì kan, wọ́n sì ga, nítorí náà ẹ̀rọ tó dà bíi pé ó jókòó dáadáa lè dojú dé bí ẹ bá tì í níbi tí kò yẹ. Jáàkì, pákó tó nípọn, páìpù irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò máa yí lábẹ́ rẹ̀: ìyẹn tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi bẹ́líìtì gbé e sókè, ẹ má ṣe jẹ́ kí bẹ́líìtì fún ọ̀pá gígùn tó wà níwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní leadscrew. Bó bá tẹ̀, ẹ̀rọ yẹn kò ní lè gé tíréèdì tó péye mọ́.

Iná ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. England àti Nàìjíríà jọ ń lo 50 Hz, nítorí náà mótò tó ti ibẹ̀ wá yóò yí níbí bó ṣe ń yí lọ́hùn-ún. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz. Èyí tí wọ́n kọ 1725 sí lára yóò máa yí ní nǹkan bí 1440 lọ́dọ̀ wa, bó bá sì jẹ́ 110 fóòtì nìkan ló ń gbà, ó ń fẹ́ transformer. Ohun tó ń dààmú ènìyàn jù ni three-phase 415 fóòtì nínú ilé tí iléeṣẹ́ iná fún ní fèésì kan ṣoṣo. VFD ló ń yanjú ìyẹn, àpótí kékeré tó ń gba fèésì kan wọlé tó sì ń fún mótò ní mẹ́ta. Àmọ́ ohun tó ń jáde nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ kò ju 230 fóòtì lọ. Ẹ ka àwo tó wà lára mótò. Bí wọ́n bá kọ 230/400 síbẹ̀, ẹni tó mọ mótò yóò yí wáyà rẹ̀ láti star sí delta, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ 415 nìkan, ó di ọwọ́ àwọn tó ń wé mótò. Ìkìlọ̀ kan tún wà fún àwọn tó ní Myford tàbí ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn tí chuck rẹ̀ ń fi tíréèdì wọ orí spindle: bí VFD bá dá spindle dúró lójijì, tàbí tí ẹ yí i sẹ́yìn níbi tó ti ń gé irin, chuck lè tú ara rẹ̀ kó sì fò jáde. Ṣíṣe pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ sọ fún VFD láti máa dúró.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti wà níbi tí yóò wà, ọ̀pọ̀ á lọ yá lẹ́fẹ́lì lọ́wọ́ bíríkìlà. Kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ti bíríkìlà, bó bá dára gan-an, ń rí ìyàtọ̀ ìdajì mìlímítà nínú mítà kan. Èyí tí iṣẹ́ ẹ̀rọ ń fẹ́ ń rí 0.02 mìlímítà nínú mítà kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan tó wà lára gíláàsì rẹ̀. Ó mú ní ìlọ́po 25. Ó mú débi pé bí ẹ bá fi ọwọ́ gbá a mú pẹ́, ooru ọwọ́ yín yóò ṣí èéhó inú rẹ̀ nípò. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó wá kà á.

Kí la wá ń fi í wá? Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ gbọdọ̀ tẹ́jú bí omi inú àwo. Kò pọn dandan. Lathe wà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń lò ó lórí òkun tí ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè sódò, ṣáàfù rẹ̀ sì ń jáde dáadáa. Ohun tí a ń wá ni pé kí apá headstock àti apá tailstock tẹ̀ bákan náà. Bí apá kan bá fi ìlà méjì tẹ̀ sẹ́yìn, kí apá kejì náà fi ìlà méjì tẹ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀dì kò lọ́ nìyẹn. A kàn fẹ́ kó tẹ́jú díẹ̀ kí epo tó ń mú irin tutù lè ṣàn padà sínú agbada rẹ̀, kí nǹkan má sì máa yí bọ́ nílẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni kí a gbé lẹ́fẹ́lì sórí carriage fúnra rẹ̀, ní ìbú bẹ́ẹ̀dì, pàápàá bí bẹ́ẹ̀dì bá ní ojú onígun tí lẹ́fẹ́lì kò lè jókòó lé. Ẹ wa carriage lọ sí ẹ̀gbẹ́ chuck, ẹ ka ibi tí èéhó wà. Ẹ wa á lọ sápá tailstock, ẹ tún kà á. Ẹsẹ̀ apá tailstock nìkan ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn títí kíkà méjèèjì yóò fi bára mu. Ẹ má ṣe yí lẹ́fẹ́lì padà láàárín. Nípa bẹ́ẹ̀, lẹ́fẹ́lì tó ń purọ́ pàápàá wúlò fún iṣẹ́ yìí, bó bá ti ń pa irọ́ kan náà níbi méjèèjì.

Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní shim la ń tì bọ abẹ́ ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i rà, ara agolo máálìtì tí a fi sísọ́ọ̀sì gé nípọn tó 0.1 mìlímítà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Pákó, páálí àti rọ́bà kò dára. Wọ́n ń rún lábẹ́ ẹrù, pákó a sì máa wú bí òjò bá dé. Ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní skrúù tí a lè yí sókè sódò rọrùn jù. Myford ti ta irú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ sì lè ṣe é níbí. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé shim ti tó ni pé nígbà tí ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì, èéhó kò ní kúrò níbi tó wà. Bí èéhó bá ń rìn bí ẹ ti ń fún un, nọ́ọ̀tì ló ń fa irin wálẹ̀ kó lè bá ilẹ̀ mu, ẹ tú u kí ẹ fi shim kún un.

Ọ̀pọ̀ á dúró síbẹ̀. Àmọ́ lẹ́fẹ́lì kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì lọ, kò mọ ibi tí spindle dojú kọ. Irin tí a gé ló mọ̀. Ẹ wá ọ̀pá irin tó nípọn tó 30 tàbí 40 mìlímítà, kí ó yọ jáde lẹ́nu chuck tó 150. Ẹ má ṣe fi tailstock tì í. Ẹ gé àárín rẹ̀ wọlé kí ó ku òrùka méjì, ọ̀kan lẹ́bàá chuck, ọ̀kan lórí. Ẹ wá fi ọ̀bẹ tó mú ṣáṣá gé òrùka méjèèjì fẹ́ẹ́rẹ́, láìṣí ọ̀bẹ nípò láàárín wọn, kí ẹ sì fi máíkírómítà wọ̀n wọ́n. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ̀rọ yín ti tọ́. Bí òrùka tó jìnnà sí chuck bá ki ju ti ẹ̀gbẹ́ chuck lọ, ọ̀bẹ ń sá fún irin bó ti ń lọ sápá tailstock. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú ní apá tailstock sókè díẹ̀. Orí carriage yóò tẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀bẹ yóò sún mọ́ irin. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ṣe òdìkejì. Kí ẹ tún gé, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ tó ń súni ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀.

Àdánwò yìí ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ọ̀pá tó yọ jáde tí a kò tì lórí máa ń tẹ̀ sẹ́yìn níwájú ọ̀bẹ. Bí gígùn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ọ̀pá bá tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tí ọ̀bẹ kú, orí rẹ̀ yóò máa ki, oníṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bẹ́ẹ̀dì tó tọ́ kí ó lè wo àrùn ọ̀pá sàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ọ̀pá nípọn, kí ọ̀bẹ mú, kí gígé má sì ju 0.1 mìlímítà lọ.

Àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ní ọ̀nà mìíràn tí kò ní gígé nínú, tí wọ́n ń pè ní Rollie's Dad's Method. Ọ̀pá tó tọ́ tí ìnípọn rẹ̀ dọ́gba, irú èyí tó wà nínú shock absorber ọkọ̀, ni wọ́n ń fi sẹ́nu chuck. Kò kàn wọ́n bóyá ó ń jó bó ti ń yí. Wọ́n á gbé dial gauge lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á yí chuck pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n á ka ibi tí abẹ́rẹ́ ga dé jù àti ibi tó rẹlẹ̀ dé jù, wọ́n á mú àárín méjèèjì. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá chuck, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀pá, wọ́n á fi àárín kìíní wé àárín kejì. Jíjó ọ̀pá ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú ìṣirò. Ìyàtọ̀ tó ṣẹ́ kù ni ti ẹ̀rọ. Ọgbọ́n yẹn wú mi lórí.

Wọ́n tún máa ń fi aago sórí ọ̀pá náà láti òkè, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá spindle ń wo òkè tàbí ilẹ̀. Kí ìyẹn má ṣe gba oorun lójú yín. Bí ọ̀bẹ bá fi odindi 0.1 mìlímítà kúrò ní àárín lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ìnípọn ṣáàfù 25 kò ní fi 0.001 yàtọ̀. Bó bá fi 0.1 kan náà yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ìnípọn á fi 0.2 yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ìjà wà.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ to gbogbo èyí sínú òfin ni Georg Schlesinger, ọmọ Berlin. Ní 1904 wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀rọ tí ń gé irin ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Charlottenburg, ní 1927 ó sì tẹ ìwé tó sọ iye àṣìṣe tí a lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Júù ni. Nígbà tí ìjọba Hitler dé ní 1933, wọ́n mú un sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló sá kúrò nílùú, England ló sì kú sí ní 1949. Òfin rẹ̀ kò kú. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé kò béèrè pé kí àṣìṣe má sí. Ibi tí àṣìṣe gbọdọ̀ kọjú sí ló kọ́kọ́ mójú tó. Ó gbà kí spindle yà tó 0.02 mìlímítà nínú 300, ṣùgbọ́n sí òkè àti sí ọ̀dọ̀ ọ̀bẹ nìkan, nítorí ìwúwo irin yóò fà á wálẹ̀, agbára gígé yóò sì tì í padà sẹ́yìn. Bí lathe bá gé ojú àwo irin, ó gbà kí àárín rẹ̀ jin díẹ̀, kò gbà kí ó yọ gọ́ngọ́. Àwo tí àárín rẹ̀ jin lè jókòó lórí tábìlì. Èyí tó yọ gọ́ngọ́ á máa mì.

Tailstock ló kàn, kò sì gbọdọ̀ ṣáájú. Mo ti rí ẹni tó ní ṣáàfù òun ń ki lápá kan, tó yára tú skrúù ẹ̀gbẹ́ tailstock, tó tì í títí ìnípọn fi dọ́gba. Ó dọ́gba fún gígùn ṣáàfù yẹn nìkan. Nígbà tó fẹ́ fi tailstock lu ihò, bítì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Bẹ́ẹ̀dì kọ́kọ́, lẹ́yìn náà headstock, lẹ́yìn náà tailstock. Fún àyẹ̀wò kíákíá, ẹ fi rúlà irin tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ẹnu sọnsọ méjèèjì, ti spindle àti ti tailstock, kí ẹ tì wọ́n pọ̀ títí wọ́n á fi di rúlà mú. Bí rúlà bá dagun, ẹnu wọn kò pàdé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé ọ̀pá gígùn láàárín ẹnu méjèèjì kí ẹ wọn orí àti ìdí.

Ti headstock ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí headstock rẹ̀ jókòó sórí ojú onígun, ẹ má ṣe tú u. Ilé iṣẹ́ ti tò ó, ẹni tó bá sì tú u láìnídìí á jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí headstock wọn dúró lórí ibi pẹrẹsẹ, tí bóòtù nìkan dì mú. Ìwọ̀nyẹn lè ṣí bí wọ́n bá forí gbá nǹkan lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ẹ tún bẹ́ẹ̀dì tò tán kí ẹ tó fẹ̀sùn kan headstock.

Bẹ́ẹ̀dì tó gbó yàtọ̀ sí èyí tó lọ́, ẹ sì nílò láti mọ ìyàtọ̀ wọn. Lílọ́ máa ń yí ìnípọn padà díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìdí. Gbígbó máa ń wà lójú kan, lẹ́bàá chuck níbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí, nítorí náà dípò òrùka méjì, ẹ gé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ìnípọn bá ń gun òkè láìdáwọ́ dúró, ó lọ́. Bó bá ga, tó rọ̀, tó tún ga, ó ti jẹ. Shim kò wo ìyẹn sàn. Ẹni tó bá lágbára á fi ọwọ́ họ bẹ́ẹ̀dì náà, ìyẹn iṣẹ́ tí Joseph Whitworth ṣàlàyé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní Glasgow ní 1840: àwo irin mẹ́ta, ẹ fi kìíní ra kejì, kejì ra kẹta, kẹta ra kìíní, ẹ máa họ ibi tó yọ títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi bára mu. Méjì lè bára mu kí ọ̀kan jin kí èkejì yọ. Mẹ́ta kò lè bára mu àfi kí gbogbo wọn tẹ́jú. Fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ilé, ó sàn kí wọ́n mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì ti jẹ kí wọ́n sì máa gé iṣẹ́ pàtàkì níbòmíràn.

Ooru ni mo fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n gígùn káàkiri ayé ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 20°C, èyí tí gáréèjì wa kì í rí lọ́sàn-án. Kì í ṣe ìṣòro tó bí wọ́n ti ń sọ, nítorí irin ni máíkírómítà, irin ni ṣáàfù. Bí méjèèjì bá jọ wà ní 32°C, wọ́n jọ wú. Ìyàtọ̀ láàárín wọn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣáàfù 25 mìlímítà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tó fi 20°C gbóná ju máíkírómítà lọ, ti fi nǹkan bí 0.006 wú. Ẹ rántí 0.013 bẹ́árìn yẹn: ó ti jẹ nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Alumí máa ń wú ní ìlọ́po méjì irin. Bákan náà ni oòrùn fèrèsé tó ń lu ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì á mú kí ẹ̀gbẹ́ yẹn gùn ju èkejì lọ, ẹ̀rọ tí ẹ tò láàárọ̀ á sì ti yàtọ̀ ní agogo méjì. Headstock pàápàá máa ń gbóná; ẹ jẹ́ kó yí fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Ẹ̀rọ milling kò ní wàhálà tó báyìí. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrú, ó sì nípọn. Orí rẹ̀ ló ń ṣí, pàápàá irú Bridgeport, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní 1938, tí orí rẹ̀ lè tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ de dial gauge mọ́ spindle, ẹ yí i ká lórí tábìlì, kí kíkà apá ọ̀tún àti òsì, iwájú àti ẹ̀yìn, bára mu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi aago kan náà tọ ẹnu fáìsì kí ó bá ìrìn tábìlì mu. Ó parí.

Gbogbo títò yìí kì í wà títí láé. Kọ́ńkéré tuntun ṣì máa ń sún kì lẹ́yìn oṣù kan. Ilẹ̀ amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń wú lójò, ó sì máa ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ pa ọ̀pá olórùka méjì yẹn mọ́, ẹ fi epo pa á, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gé e sínú ìwé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àti bí òjò bá ti dá, ẹ tún fi í sẹ́nu chuck, ẹ gé e fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ta ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan, ẹ fún ẹni tó ń rà á ní ìwé yẹn pẹ̀lú ọ̀pá náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tẹlòmíràn, ẹ béèrè tirẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ mú ọ̀pá àti máíkírómítà tiyín dání lọ síbẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kó tan ẹ̀rọ.